Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Kí A Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun

Agbo Ilé Àkànó,
Ìdí-Emì, lẹ́bàá Ṣakí.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, oṣù kẹta ọdún 2022.

Kausarat Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú ń lọ déédéé, àbí ẹ̀rọ yín ṣì ń ké bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ? Ṣé àdúgbò yín ní Pedro ò yọ ọ́ lẹ́nu? Wonder ńkọ́, aládùúgbò rẹ tó máa ń lọgun kí mi lórí fóònù bí ẹni pé mo wà ní òdìkejì odò, ṣé ara rẹ̀ yá? Bí o bá bèèrè mi, mo wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń mu, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi jà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ìyẹn náà kì í sì í ṣe ọ̀tá mi, ó kàn ń sọ fún mi pé kí n kó irú mi kúrò nínú oòrùn ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Kò sì ní jẹ́ kí ọ̀nà tó wà láàárín èmi àti ìwọ tún dí mọ́. Àmín.

Mo rí ìwé tí o fi rán awakọ̀ gbà. Ìdí ìkòkò irú ló bá mi, ọwọ́ mi ò mọ́, mo ní kó fi í sórí àga kí òórùn má bàa mọ́ ọn lára, nítorí mo mọ̀ pé ìwé àwọn ará òkun ni. Mo dúpẹ́ pé o túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún mi, tí o sì tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà gàdàgbà, bí mo ṣe gbé e jìnnà tó ni mò ń rí i. Mo sì mọ̀ pé ìgbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ohun tí o wí ni pé, “Màámi, ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì yìí ò ní dúró dè wá o.” Èmi sì gbé fóònù sílẹ̀. Má bínú. O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí ń bá rìn, afẹ́fẹ́ náà kan náà sì ni fóònù ń bá rìn, kò kúkú sí okùn kankan lára rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ìbòmú bo ẹnu fóònù náà. Ohùn rẹ ò já gaara mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í tilẹ̀ í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń sọ lórí ìdúró. Wá ibi kan jókòó sí kí o ka èyí, màá sọ bí mo ṣe rò ó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ, ṣe bí ènìyàn. Àwọn tó ni ọkọ̀ òkun fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì nítorí ìwé tí ẹ bá wọn tẹ̀, ọ̀gá rẹ ní àwọn ò lè sùn lórí omi láéláé, wọ́n wá gbé e fún ìwọ, wọ́n tún fi ìsinmi ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lé e. Mi ò sọ pé ó burú kí ènìyàn fi ohun tó ń bẹ̀rù ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ, mo ṣáà kíyè sí i. Ìwọ náà, nínú gbogbo èrò tó kún Èkó, tó fi mọ́ arákùnrin tó ń gbé Akoka yẹn tí o rò pé mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, èmi ni o ní o fẹ́ mú lọ. Mo gbọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú dé ibi pé mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń ra irú kí wọ́n tó bèèrè.

Mo wo àwòrán ọkọ̀ náà. Ilé alájà mọ́kànlá lórí omi, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe adágún omi sórí òrùlé rẹ̀, àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Òkun wà nísàlẹ̀, wọ́n tún pọn omi gòkè! Kausarat, kí ló ṣe òkun tó wà nílẹ̀? O ní oúnjẹ ibẹ̀ ò lópin, ọ̀fẹ́ ni, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìwé náà sì ní ọkọ̀ lè máa mú ènìyàn bì. Èyí tó yé mi níbẹ̀ ni pé wọ́n á bọ́ wa, a ó sì dà á fún ẹja. Àwọn ẹja ni wọ́n ń se oúnjẹ fún, àwa kàn fẹ́ bá wọn gbé e débẹ̀ ni.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára bí ìwé náà ṣe wí, ẹ̀ẹ̀mejì. Sabina ló gún mi, nọ́ọ̀sì tuntun tó wà ní ilé ìwòsàn wa, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo fi káàdì rẹ̀ kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà, àwọn ènìyàn sì ń wá wò ó. Kí ó tó gún mi, ó yọ ìbọn funfun kékeré kan, ó dojú rẹ̀ kọ iwájú orí mi. Mo dijú, mo ka kálímà. Kò dún. Ó kàn wo ìdí rẹ̀, ó ní mẹ́rìndínlógójì, ó ní ó dára gan-an ni, ó kọ ọ́ sílẹ̀. O mọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí ní ọjọ́ orí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí mi, kò sì sẹ́ni tó mọ ọdún tí eṣú jẹ oko. Ìjọba ti yanjú ẹ̀ báyìí, wọ́n ń na ìbọn sí orí, ọdún rẹ̀ á sì jáde. Mo kọ mẹ́rìndínlógójì sínú ìwé náà. Ìwọ ti pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀, bí a bá ṣírò ó, ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí mo bí ọ. Mo mọ̀ pé mo tètè gbọ́n. Má bá ẹ̀rọ ìjọba jiyàn, ó tilẹ̀ ṣe wá lóore, nítorí ìwé náà ní ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà dókítà wá, èmi ò sì sí lára wọn. Àlímì, àbúrò bàbá rẹ, tí wọ́n ti ń bá mi jà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé arúgbó kì í wọ ọkọ̀ òkun, lọ kí wọ́n na ìbọn sí tiwọn náà. Mẹ́tàdínlógójì ló jáde. Inú wọn dùn pé àwọn ṣì fi ọdún kan jù mí lọ.

Ìbéèrè kẹfà ló fẹ́ dá ogun sílẹ̀ ní Ìdí-Emì. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo bá pàdé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n sì fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ìlà mẹ́ta, Kausarat. Ó hàn pé ẹni tó ṣe ìwé yìí kì í rí ẹni kí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo wá ìwé ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n bí mo ṣe ń rántí wọn, àwọn tó ń ta igi, àwọn tí a jọ ń kírun, àwọn tó kàn jókòó sí ojú ọ̀nà tí mo kí wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti pé igba ó lé méjìlá. Àlímì dé, wọ́n gbé ìwé náà, wọ́n ń wá orúkọ tiwọn títí, wọ́n bá a ní ìkọkàndínlógún, lẹ́yìn alágbẹ̀dẹ. Wọ́n dìde, wọn ò mu omi. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń to ilé Àkànó nìyẹn, kí olórí ilé wà lẹ́yìn ẹni tó ń rọ ọkọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó àrùn ràn mí ni wọ́n ní kí n kọ. Wọ́n ní kò burú, bó bá jẹ́ ti àrùn náà ni, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ ràn mí. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Baálẹ̀ ló ṣíwájú, ìmáàmù tẹ̀lé wọn, Àlímì ló wà ní ìkẹta. Mi ò tilẹ̀ pàdé Baálẹ̀, wọ́n ti wà ní Ìbàdàn láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í to orúkọ ará ìlú kó fo Baálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti imú náà ń bọ̀. Ìwé náà ní wọn á ti òwú bọ̀ mí nímú kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ní àrùn. Mo bi Sabina léèrè, ó ní àrùn náà kì í sábà jẹ́ kí ènìyàn gbóòórùn. Mo ní ṣé nítorí ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe fẹ́ gún imú ọmọ ènìyàn? Mo gbé igbá irú ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mo ṣí i láàárín àwọn tó tò fún abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló yí ojú padà, àfi Àlímì, tí wọ́n ní àwọn ò gbóòórùn nǹkan kan. Sabina fẹ́ máa lé wọn sẹ́yìn, àfi ìgbà tí a rántí pé áṣáà tí wọ́n ń fà símú ti ba ibẹ̀ jẹ́ láti ìgbà èwe wọn. Bá mi sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀ pé kí wọ́n gbé igbá irú kan sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá yí padà, kó máa lọ sílé. Mo lè máa fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibi tí mi ò ti rẹ́rìn-ín ni ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí. Orúkọ rẹ ló yẹ kí n kọ, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì máa wà. Ọwọ́ mi ò dúró kí n ronú, ó ti kọ orúkọ bàbá rẹ. Mo kọ ọ́ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà fóònù wọn, orí mi ni nọ́ńbà náà wà, kò sí ọ̀kan tó fò mí. Ìgbà tó ku ẹyọ méjì ni mo tó rántí. Mo gbé báírò sílẹ̀, mo jáde lọ kó eérú ìdáná, bẹ́ẹ̀ mo ti kó o láàárọ̀.

Ohun kan wà tí o ò mọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ wá fẹ́ mi, Ṣómólú ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ń di ìwé níbẹ̀ bí ìwọ náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lónìí. Wọn ò mú aṣọ wá, wọn ò mú ṣúgà wá, ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n mú wá. Wọ́n ní omi kan wà ní ẹ̀yìn Bàrígà tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀, wọ́n ní tí mo bá gbà fún àwọn, àwọn á mú mi lọ wò ó. Mo gbà fún wọn. Ogójì ọdún ni mo fi retí omi yẹn, má sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọdún kan irú ò tà, ọdún kan oyún rẹ ni, ọdún kan òrùlé ń jò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ò fi lọ. Nítorí náà nígbà tí o dárúkọ òkun fún mi, má rò pé kò wù mí. Ó wù mí gan-an.

Òfin ọjọ́ mẹ́rìnlá ló dá mi dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí àwa méjèèjì tó wọ ọkọ̀, a ó kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. A ò ní jáde, a ò ní gba àlejò, a ò ní bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bí a bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, a ó bojú. O ní Wonder á máa gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, á sì máa lọ. Mo ní háà, opó ni wọ́n ń ṣe yìí, tákàbà gan-an tí àwọn aáfà ń sọ. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀ ọ́n? Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo jókòó fún bàbá rẹ, mi ò lọ sọ́jà, mi ò lé tìróò. Mo mú ìwé náà, mo lọ bá Sabina, mo ní ta ló kú nínú ọkọ̀ náà tí gbogbo èrò fẹ́ ṣe opó rẹ̀, ṣé ẹni tó ń wà á ni? Sabina rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ẹnikẹ́ni ò kú, ó ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa kú ni.

Mo padà sílé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi nìkan ni mo jókòó opó yẹn, Kausarat. Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni. O dé ibi tí Èkó parí sí, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ yín padà, o tún lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dá ọ padà. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló sin bàbá rẹ, orí fóònù ni o ti gbọ́ àdúrà. Láti ìgbà tí ọ̀nà ti ṣí, o ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ kan péré lo sì máa ń lò. O tún òrùlé ṣe, o ra sìmẹ́ńtì, o kun ilẹ̀kùn ní ọ̀dà, o ò jókòó, o ò sì wọ yàrá bàbá rẹ. Mò ń wò ọ́. Ojú ń tì ọ́, o rò pé mi ò mọ̀. Ọ̀nà ni wọ́n tì, ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo tì í. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè máa kà á nígbà tí mi ò bá sí nítòsí.

Ìdáhùn mi nìyí, kí o lè rí nǹkan sọ fún ọ̀gá rẹ. Mi ò lọ sórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo gba ọjọ́ mẹ́rìnlá náà. Sabina ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìyà, ọkọ̀ ni ìgbádùn, ta ló ń jẹ ìyà tán tó ń fi ìgbádùn sílẹ̀. Ọmọdé ni. Níbo ni ìyá ti tún fẹ́ rí ọmọ tó wà ní Èkó, tí òfin tì í mọ́ inú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí kò lè sọ pé iṣẹ́ ń dúró de òun, tí ẹlòmíràn tún ń bá wọn se oúnjẹ? Lórí ọkọ̀, ìwọ á wà nínú adágún òkè, èmi á wà nísàlẹ̀, màá máa fún ẹja lóúnjẹ. Dá tíkẹ́ẹ̀tì padà fún ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọpẹ́, tàbí kí o bá mi gbé e fún arákùnrin Akoka, kó mú ìyá tirẹ̀ lọ, ká lè mọ irú ọmọ tó jẹ́. Ìsinmi yẹn nìkan ni kí o mú dání, má dá ìyẹn padà.

A ó jókòó. Màá sọ bí bàbá rẹ ṣe lọ fún ọ, àti ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn nípa rẹ, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, pàápàá fóònù tó wọ ìbòmú. Wàá sunkún, èmi náà á sunkún, Wonder á kan ilẹ̀kùn, a ó jẹun. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í ṣe opó bàbá rẹ̀, àwọn aáfà ò ní gbà, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ará òkun ti wà lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká jókòó, a ó jókòó. Tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mú mi lọ sí ẹ̀yìn Bàrígà, kí n ti ẹsẹ̀ bọ omi tí bàbá rẹ fi fẹ́ mi. Bí mo bá rí òpin rẹ̀, màá dárí jì wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ò pọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, má fi gba báńkì, fi rán awakọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà fa ìlà sílẹ̀ ní báńkì wa pé kí a jìnnà síra, èmi náà sì jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń pọ owó bí wọ́n ṣe wí, ọwọ́ mi ò wá tó o. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Jẹ́ kí ti àbọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ná, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹrìnlá. Ra ẹní kan sí i, kí o sì ti ṣí fèrèsé yàrá rẹ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí mò ń gbé irú bọ̀.

Ọlọ́run tó pa wá mọ́ nígbà tí ọ̀nà dí, á máa ṣí i fún ọ níbikíbi tí o bá kọjú sí. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni yóò ṣí i. Àrùn ò ní mọ ojúlé rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á jókòó tì ọ́ nígbà tí ó bá yẹ. Á sì jẹ́ kí o fi ọwọ́ rẹ tọ́jú mi, kí n lo ọdún púpọ̀ lé mẹ́rìndínlógójì mi. Àmín láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyìsátù, aya Àkànó.

Mo fi ìwé àwọn ará òkun sínú lẹ́tà yìí, mo ti bu ọwọ́ lù ú. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀, mo kọ Yàrá Kausarat ní Pedro. Níbi ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí, mi ò pa orúkọ bàbá rẹ rẹ́. Mo kọ tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.